Fọ́ọ̀kì Iwájú: Ẹ̀yà Alùpùpù tí Kò ní Ohùn

Etí ni Yorùbá fi sọ alùpùpù lórúkọ. Ìró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dá, pù-pù-pù, ni àwọn baba wa gbọ́ kí wọ́n tó rí ohun tí ń bọ̀ lọ́nà, ìró yẹn náà ni wọ́n sì fi pè é. Nígbà tí àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò pọ̀ sí i ní ìgboro ní ìparí àwọn ọdún 1980, a tún fún un ní orúkọ mìíràn, ọ̀kadà. Ara Okada Air ni a ti yá orúkọ yìí, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí òun náà gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Ẹdó lónìí. Ìró ni orúkọ kìn-ín-ní, eré sísá ni èkejì. N kò tíì gbọ́ orúkọ kankan tí ó ti ara fọ́ọ̀kì iwájú wá.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Fọ́ọ̀kì iwájú ni ọ̀pá irin méjì tí ó di ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù mú lọ́tùn-ún lósì, tí ó sì so ó mọ́ ọwọ́ tí awakọ̀ fi ń tọ́ ọ. Àwọn mẹkáníìkì ìgboro a máa pè é ní ṣọ́ọ̀kì iwájú. Àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ni ó ń pè é ní fọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ tiwọn ni mo sì mú, nítorí pé ara kẹ̀kẹ́ ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí fọ́ọ̀kì bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹni tí ó jókòó sórí alùpùpù kì í rántí pé ó wà. Ọjọ́ tí kò bá ṣe é mọ́, ìjàǹbá lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ròyìn rẹ̀, a ó sì ní ìwàkuwà ni ó fà á. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ẹ̀yà kékeré yìí ni ìbéèrè kan tí ó ju irin lọ: ta ni ó yẹ kí ó máa tọ́jú ẹ̀rọ? Ṣé ẹni tí ó ni ín ni, ẹni tí ń gùn ún ni, àbí ẹni tí ó ṣe é?

Àwọn alùpùpù àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí kẹ̀kẹ́ ológeere tí a gbé ẹ́ńjìnnì lé. Fọ́ọ̀kì wọn le gbagidi. Gbogbo ihò tí táyà bá já sí, apá àti eegun ẹ̀yìn awakọ̀ ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Láìpẹ́, àwọn tí ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni fọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní girder. Irin tí a so pọ̀ bí àtẹ̀gùn ni, ó ní sípíríǹgì kan níwájú, àwọn ọ̀pá kéékèèké tí ń lọ sókè sódò lórí ìdè wọn ni ó sì so ó mọ́ ara alùpùpù. Àwọn àwo pẹlẹbẹ tí a fún pọ̀, tí wọ́n ń fi ara gbo ara, ni ó ń dẹ́kun ìfò sípíríǹgì náà. Awakọ̀ a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ìdè wọn kí wọ́n lè fún tàbí kí wọ́n lè dẹ̀. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá ní gíríìsì àti sípánà lè tọ́jú rẹ̀ láìtú ohunkóhun, ojú lásán ni yóò sì fi rí ibi tí ó ti jẹ.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n mìíràn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1908, Alfred Angas Scott, ará Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé alùpùpù kan jáde tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tí ń wọ inú ọ̀pá, bí awò tí àwọn atukọ̀ òkun fi ń wo òkèèrè, tí apá kan rẹ̀ ń rì sínú èkejì. Ẹni tí ó wáyé ṣáájú àkókò rẹ̀ ni Scott. Ohun tí ó kù fún fọ́ọ̀kì rẹ̀ ni ohun tí yóò tu sípíríǹgì lójú. Sípíríǹgì jẹ́ olóòótọ́ ju bí ó ti yẹ lọ: agbára tí a bá fi tẹ̀ ẹ́ ni yóò dá padà. Bí ihò bá tì í wọlé, yóò ta jáde, yóò tún wọlé, yóò tún ta jáde, bẹ́ẹ̀ ni táyà yóò máa fò lórí ilẹ̀ bí ọmọ àkèré, táyà tí kò sì kan ilẹ̀ kò lè gbọ́ bíréèkì, kò sì lè gbọ́ ọwọ́ tí ń darí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ BMW ti ilẹ̀ Jámánì ni ó fi epo sí i. Alùpùpù wọn tí wọ́n pè ní R12 àti R17, tí ó jáde ní ọdún 1935, ni àkọ́kọ́ tí a tà fún gbogbo ènìyàn tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá-nínú-ọ̀pá, tí epo inú rẹ̀ sì ń dẹ́kun ìfò sípíríǹgì. Ẹni tí ó bá ti dúró rí ní ilé alágbẹ̀dẹ, tí ó wo ọmọ-iṣẹ́ tí ń fi ẹwìrì fẹ́ iná, yóò mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹwìrì kò ṣeé tẹ̀ ní wàràwàrà, nítorí pé ẹnu tóóró ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà jáde. Bí ọmọ náà bá ti ń kánjú tó ni ẹwìrì ń kọ̀ fún un tó. Epo inú fọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ gba ojú ihò kéékèèké kọjá kí ọ̀pá tó lè wọlé tàbí kí ó tó lè jáde, epo sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí táyà bá rọra gun òkìtì, epo yóò rọra yà fún un. Bí ó bá já sí ihò lójijì, epo yóò takú. Agbára tí ìbá ju awakọ̀ sókè yóò di ooru díẹ̀ nínú epo, ooru náà yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwa tí a ti ka epo sí ẹ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́, tí a ń ta á sílẹ̀ fún Èṣù kí inú rẹ̀ lè rọ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún láti gbà pé epo lè pẹ̀tù sí irin nínú.

Ogun ni ó gbé ọgbọ́n yìí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1941, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe Matchless ní Plumstead, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ sí alùpùpù àwọn ọmọ ogun tí wọ́n pè ní G3/L, wọ́n sì sọ fọ́ọ̀kì náà ní Teledraulic. Àpapọ̀ G3 àti G3/L tí wọ́n ṣe fún ogun náà tó nǹkan bí 80,000. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gùn ún padà sílé pẹ̀lú ìmọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé, nígbà tí ogun sì parí, Triumph, BSA àti Norton kò jáfara. Norton pe tiwọn ní Roadholder, èyí tí ó túmọ̀ sí adìlẹ̀mú. Mo kan sáárá sí wọn fún orúkọ yẹn. Àwọn náà mọ̀ pé ohun tí kò bá lè pariwo fúnra rẹ̀ nílò ẹni tí yóò kì í. Nígbà tí Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà gbé Hydra-Glide jáde ní ọdún 1949, ọ̀rọ̀ girder ti ń di ìtàn.

Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun kan bá a lọ. Ẹ̀yà tí ó wà ní gbangba tẹ́lẹ̀ ti wọ inú ilé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Epo inú fọ́ọ̀kì kì í hàn. Róbà kékeré kan tí ó rí bí òrùka, tí a ń pè ní síìlì, ni ó dì í mọ́nú. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá inú bá ń wọlé tí ó ń jáde, ìpàǹtí irin ń hó díẹ̀díẹ̀ sínú epo náà, omi òjò ń wá ọ̀nà àtiwọlé, síìlì ń gbó, epo ń ṣàn. Kò sí iná pupa tí yóò tàn. Ìyípadà náà lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ń bá a dàgbà, tí ó ń rò pé bí alùpùpù òun ti rí láti àárọ̀ ọjọ́ ni.

Ìdáhùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí èyí jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí. Ìwé ni wọ́n fi dáhùn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ta alùpùpù a máa fi ìwé ìtọ́ni àti irinṣẹ́ díẹ̀ kún un. Ilé ìtẹ̀wé Pitman náà ní ọ̀wọ́ ìwé pélébé-pélébé, ọ̀kan fún BSA, ọ̀kan fún Matchless, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí òṣìṣẹ́ lè rà kí ó sì gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Pípààrọ̀ epo fọ́ọ̀kì wà lára iṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà sí ti onílé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn òṣìṣẹ́ ju bí a ti fẹ́ràn tiwa lọ. Alùpùpù ni ọkọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra mọ́tò, owó rẹ̀ kò sì ní tó san fún mẹkáníìkì nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n èrò kan wà lẹ́yìn àwọn ìwé náà, pé ẹni tí ó ni ín ni yóò gùn ún, ẹni tí ń gùn ún ni yóò sì tú u. Ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Ní ilẹ̀ wa, ìgbà kan wà tí ó rí bẹ́ẹ̀. Alùpùpù jẹ́ ọkọ̀ olùkọ́, akọ̀wé, wolé-wolé àti oníṣòwò kòkó. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Gowon gba ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji, tí owó oṣù gun òkè, tí a sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, alùpùpù wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi owó Údójì rà. Ẹni tí ó ra irú rẹ̀ nígbà náà kì í fi yá ènìyàn. A máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a máa fi aṣọ bò ó lálẹ́. Àwọn ọmọ ilé tí wọ́n ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú ni ó kọ́ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan láìlọ sí ilé ẹ̀kọ́ fún un.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ará Japáànì ń ro èrò mìíràn. Honda ti rí i pé àwọn alùpùpù kékeré wọn, tí ó dára púpọ̀ ní ilẹ̀ wọn, ń tètè bàjẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀. Ìdí ni pé ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn tí ń gùn ún kì í sì í pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yà kan tí ń yí ní orí ẹ́ńjìnnì, tí ó gbọ́dọ̀ rí epo tí ó mọ́ ní gbogbo ìgbà, ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Wọ́n kò tẹ ìwé jáde láti bá wọn wí. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì dá. CG125, tí ó jáde ní ọdún 1976, gbé ẹ̀yà náà kúrò lórí, ó gbé e sísàlẹ̀ níbi tí epo pọ̀ sí. Ó fi àpótí bo ṣéènì kí eruku má baà jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ẹlẹ́mìí gígùn ni. Ní ọdún 1976 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus ní ilẹ̀ Brazil. Ní ọdún 1979, Honda dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ọ̀tà. Àwọn ará Ṣáínà sì wá ṣe àwòkọ rẹ̀ títí tí kò fi lóǹkà mọ́.

Ìwà ọlọ́gbọ́n ni mo ka èyí sí, n kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọmọ yóò jábọ́ tí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ sàn ju ẹni tí ó dúró tí ń kìlọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì nìkan ni a lè tẹ́ irú ẹní bẹ́ẹ̀ fún. Fọ́ọ̀kì CG125, ọ̀pá-nínú-ọ̀pá ni, bíi ti Matchless. Epo rẹ̀ ń dọ̀tí, síìlì rẹ̀ ń gbó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo fi ní ẹ̀yà kan tí a ṣe fún ẹni tí kì í tọ́jú nǹkan, tí ó sì ní òmíràn tí kò lè ṣe láìsí ìtọ́jú.

Mo ní ọ̀kan nílé, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ní ìparí ọ̀yẹ́, nígbà tí eruku bá ti rọlẹ̀, ni mo máa ń tú fọ́ọ̀kì rẹ̀. Àpótí tí ó lágbára ni mo ń gbé sábẹ́ ẹ́ńjìnnì títí tí ẹsẹ̀ iwájú yóò fi kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó yọ ohunkóhun, ìdérí orí ọ̀pá méjèèjì ni a ń kọ́kọ́ dẹ̀ díẹ̀, nígbà tí irin tí ó di ọ̀pá mú ṣì ń bá wa dì í. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yọ ọ̀pá, tí ó wá ń wá bí yóò ti mú ohun róbótó tí ń yọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó lè ṣí orí rẹ̀, yóò rojú. Sípíríǹgì wà lábẹ́ ìdérí náà, ó sì ń tì í sókè, nítorí náà a kì í gbé ojú sórí rẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣí i tán.

Epo tí ó bá jáde ni ìròyìn. Inú ìgò tí ó mọ́ gaara ni mo ń dà á sí kí n lè fi ìmọ́lẹ̀ wò ó. Bí ó bá dúdú, tí ó ń dán wínníwínní, irin ń jẹ irin. Bí ó bá funfun bí omi ògì, òjò ti wọlé. Bí ọ̀kan bá pọ̀ ju èkejì lọ, síìlì ẹ̀gbẹ́ kan ti ń jẹ́ kí epo sá, a ó sì rí ibi tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn lóde. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ gbogbo rẹ̀. Sípíríǹgì méjèèjì a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí a lè mọ̀ bóyá ọ̀kan ti súnkì. Ọ̀pá inú ni mo ń yí lórí gíláàsì fèrèsé àtijọ́ kan; bí ó bá tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò máa yọ lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí àlàyé tí ó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi èékánná tọ ara rẹ̀. Ibi tí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò kékeré sí, bí orí abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti máa ya síìlì tuntun bí ó ti ya ti àtijọ́.

Síìlì tuntun kò fẹ́ kánjúkánjú. A ó fi epo pa ẹnu rẹ̀, a ó sì fi ọ̀rá bo etí ọ̀pá kí etí náà má baà gé e bí ó ti ń kọjá. Epo tuntun tí ó ń wọ ẹ̀gbẹ́ kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ife tíì kékeré lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn oògùn ikọ́ ọmọdé ni mo ń lò fún àṣẹ́kù rẹ̀. Nígbà tí ohun gbogbo bá ti padà sí ipò, a kì í tíì fún ìdè ẹsẹ̀ iwájú le pátápátá. A ó gbé alùpùpù sílẹ̀, a ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kí ọ̀pá méjèèjì lè mọ ara wọn, kí á tó wá fún un. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Owó tí ó ń ná mi kò tó iye tí ènìyàn ń ná lórí ọṣẹ àti òróró ìpara lóṣù kan.

Kí ni ó dé tí iṣẹ́ tí kò wọ́n báyìí fi ṣọ̀wọ́n lọ́nà wa? N kò gbà pé ọ̀lẹ ni ó fà á. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986, alùpùpù tí ó jẹ́ ọkọ̀ ìyì di ohun èlò ìjẹun. Ẹni tí ó ní owó ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó kó wọn fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, wọ́n sì ń dá owó fún un lójoojúmọ́. Ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ń pè é ní zémidjan, àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì. Nípa báyìí ni ẹni kan tí ìwé Pitman ń bá sọ̀rọ̀ ṣe pín sí méjì. Ẹni tí ó ni ín kì í gùn ún, nítorí náà kì í mọ̀ pé iwájú rẹ̀ ti ń lọ́ bí ejò. Ẹni tí ń gùn ún ló mọ̀, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kan tí alùpùpù bá fi dúró, owó ọjọ́ náà ti lọ, ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ni ó sì fi tún un ṣe. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá gbé e lọ bá kò lè dá wọn dúró pẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n da epo ẹ́ńjìnnì tí ó ki sínú fọ́ọ̀kì kí ó má baà tètè sá, mo sì ti rí èyí tí kò sí epo kankan nínú rẹ̀ rárá, tí sípíríǹgì nìkan ń jó níbẹ̀. Bí síìlì bá já, epo lè ṣàn títí dé ibi bíréèkì iwájú, ibi tí kò yẹ kí epo dé láéláé.

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ìrìnnà ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò lójú àwọn ọ̀nà ńlá. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n fòfin dè é ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún gbẹ́sẹ̀ lé e ní mẹ́fà pátápátá. Mo tẹ́tí sí àríyànjiyàn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ olè, wọ́n sọ̀rọ̀ ìwàkuwà, wọ́n sọ̀rọ̀ ọtí àti akoto, gbogbo rẹ̀ ni ó sì ní òtítọ́ nínú. Nínú gbogbo èyí tí mo gbọ́, kò sí ẹni tí ó béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe rí lábẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, tàbí ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Kútọnu àti Lómẹ̀, àwọn alùpùpù oníná mànàmáná ti ń rìn lọ́nà báyìí. Wọn kò ní epo ẹ́ńjìnnì tí a ń pààrọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá-nínú-ọ̀pá ṣì ni fọ́ọ̀kì iwájú wọn.

Kí n tó gun ọ̀kadà èyíkéyìí, mo máa ń bẹ ọlọ́kadà pé kí ó di bíréèkì iwájú mú, kí ó sì tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí iwájú náà bá rọra gòkè lẹ́ẹ̀kan tí ó dúró, mo ń gùn ún. Bí ó bá ń fò sókè sódò, mo ń dúpẹ́, mo ń dúró de òmíràn. Àwọn kan nínú wọn a máa rẹ́rìn-ín bàbá arúgbó. Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka nu ara ọ̀pá náà, ó fi epo tí ó wà lórí ìka rẹ̀ hàn mí, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, mo ti sọ fún ọ̀gá tí ó ni ín láti oṣù tí ó kọjá."